Ẹ yéé di server mọ́ client sínú àpò kan

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ ń kọ sọ́fítíwià, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á fún àwọn ilé ìwé láti Ojota wọ Ketu, dé Ikosi, dé Mile 12, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lónìí. Thread gígùn ni o. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó yáa lọ rà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju báyìí lọ: tí sọ́fítíwià yín bá ní apá méjì, ẹ má di apá méjèèjì sínú setup kan ṣoṣo. Ẹ di server lọ́tọ̀, ẹ di client lọ́tọ̀. Kí ẹni tó nílò ọ̀kan má gbé méjì relé.

Ẹ̀yin tẹ́ ò sí nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má tíì sá lọ. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, orúkọ rẹ̀ lẹ ò mọ̀. Ẹ wo ẹ̀rọ POS ọwọ́ àǹtí tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Ketu. Ṣé inú ẹ̀rọ yẹn lowó yín wà ni? Rárá. Ẹ̀rọ yẹn kàn gba káàdì, ó ní kẹ́ ẹ tẹ PIN, ó wá ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan tó wà níbòmíì pé, "Ṣé lágbájá lówó lọ́wọ́?" Kọ̀ǹpútà tó ń dá a lóhùn yẹn ni server. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ àǹtí ni client. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ. Ara client le koko níwájú yín, kò kàn rí server bá sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ wá fọkàn rò ó. Ká ní gbogbo ìwé àkáǹtì báǹkì ni wọ́n kó sínú POS kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Tí olè bá já ẹyọ kan gbà nínú èrò Mile 12, àkáǹtì gbogbo wa ló gbé sá lọ yẹn. Kò sí báǹkì tó jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Àmọ́ ohun táwọn kan nínú yín ń ṣe fún ilé ìwé gan-an nìyẹn, ẹ sì ń gbowó lé e.

Mo lọ ya fídíò fún ilé ìwé aládàáni kan ládùúgbò wa. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ta sọ́fítíwià fún wọn. Wọ́n ní kí n ya yàrá kọ̀ǹpútà wọn káwọn òbí lè rí i, pé àwọn náà ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà bíi ti JAMB. Láptọ́ọ̀pù bí ogún, tókunbọ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n tò wọ́n dáadáa, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó wù mí.

Mo wá bi tíṣà kọ̀ǹpútà wọn pé èwo ni server níbẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ náà ni."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Kò ṣeré. Flash kan ni ẹni tó tà á fún wọn mú wá, setup kan ló wà lórí ẹ̀, ó sì kì í bọ láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú setup náà nìyí: ojú ìwé tí ọmọ á ti dáhùn ìbéèrè, ibi tí tíṣà á ti kọ ìbéèrè sí, XAMPP lódindi, database tó kó ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀, àti ibi tí èsì ń wọ̀ sí. Ogún láptọ́ọ̀pù, ogún server. Kò sí èyí tó mọ èkejì rí.

Tí ìdánwò bá parí, tíṣà á mú flash, á máa lọ láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíì, bí alájọ tó ń gba àjọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Á kó èsì jọ, á lọ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní Excel. Ẹ̀rọ méjì ò tàn mọ́ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ní sáà tó kọjá. Èsì àwọn ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ méjèèjì bá a lọ. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Kí ló fa ìyẹn? Ọmọ ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán o.

Ìyẹn ṣì kéré. Ìbéèrè Biology kan ní ìdáhùn tí wọ́n kọ òdì. Tíṣà rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Kó tó tún ti mẹ́jọ ṣe, aago ti lù, àwọn ọmọ ti wọlé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọmọ méjì ní kíláàsì kan náà, wọ́n mú ìdáhùn kan náà, ọ̀kan gbà á, ọ̀kan pàdánù ẹ̀. Nítorí àga tó jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Biology yìí o, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọmọkùnrin SS2 kan sì wà níbẹ̀ tó ti mọ ibi tí ìdáhùn wà. Kì í ṣe hacker. Ó kàn kọ localhost/phpmyadmin síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí ni. XAMPP tuntun kì í ní password, root ni orúkọ ẹni tó ni ín, ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. Gbogbo ìdáhùn sáà náà wà níwájú ọmọ. Wọ́n ní wọ́n ti lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní ẹni tó kó ìdáhùn ìdánwò sórí ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń ṣèdánwò ńkọ́, ṣé wọ́n lé òun náà sílé ni?

Ká sòótọ́, àṣìṣe yìí ò bẹ̀rẹ̀ ní Ketu. Àwọn tó gbówó lórí jù wá lọ ti ṣe é, ayé sì rí i. Lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan jáde, Slammer ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi rárá. 376 bytes péré, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí màámi ń fi ránṣẹ́ láàárọ̀ tóbi jù ú lọ. Database server Microsoft ló ń wá kiri. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ran èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ bíi 75,000 tó mú káàkiri ayé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ lára ATM 13,000 tí Bank of America ní ò lè yọ owó fáwọn oníbàárà.

Microsoft ti gbé àbùlẹ̀ ihò yẹn jáde láti oṣù keje ọdún 2002. Patch lẹ̀yin ń pè é, àbùlẹ̀ lèmi máa pè é, torí ohun tí ìyá onírànṣọ máa ń ṣe sí ṣòkòtò tó ya náà ni. Oṣù mẹ́fà gbáko, kí ló dé tí wọn ò fi lẹ̀ ẹ́? Àwọn kan ya ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ ká fi tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó kù ló ń ká mi lára. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ní server! Microsoft ní database kékeré kan tí wọ́n ń pè ní MSDE, àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià máa ń dì í mọ́ ẹrù tiwọn. Ìwọ ra nǹkan ìyàwòrán tàbí ìṣírò fún ọ́fíìsì, o gbé e sórí kọ̀ǹpútà tábìlì rẹ, server kan ti bá a wọlé, ó ti ṣílẹ̀kùn síta, ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ. Ta ló máa lẹ àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ tí kò mọ̀ pé òun wọ̀?

Ohun tí dídì pọ̀ ń fà nìyẹn. Ó ń sọ ẹni tí kò béèrè di onílé server.

Àwọn tó ń ṣe Debian mọ èyí dáadáa, Ubuntu sì jogún ẹ̀ lára wọn. Ẹ lọ wò ó: openssh-client wà lọ́tọ̀, openssh-server wà lọ́tọ̀. Nígbà kan rí, ìdì kan ṣoṣo ni, ssh lásán. Wọ́n wá là á sí méjì. Ubuntu tó o bá gbé sórí láptọ́ọ̀pù rẹ lónìí, client ló máa bá a wá, torí ìwọ lo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì. Tó o bá fẹ́ káwọn èèyàn máa kan tìẹ, ìwọ fúnra rẹ láá kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé server wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni MariaDB, bẹ́ẹ̀ náà ni PostgreSQL. Ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ database tó wà lọ́nà jíjìn ò nílò láti sin database sílé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Àǹtí, oníbàárà mi ò mọ server. Ó fẹ́ kí n tẹ Next, Next, Finish, kí n sì gbowó mi." Ó yé mi. Èmi náà ń bá proprietor ṣòwò, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo aago. Àmọ́ ìwọ ló ń tẹ Next, Next, Finish yẹn, kì í ṣe proprietor. Tó o bá di ìdì méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa gbé server sílẹ̀, lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n tì mọ́ ọ́fíìsì, tó ní UPS. Lórí ogún tó kù, browser tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè tó. Wáyà àti router kékeré kan, kò gba dátà kankan, torí ọ̀rọ̀ ò kúrò nínú ọgbà ilé ìwé. Láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ tí 4GB ń dá láàmú ò ní máa mí gúlegúle mọ́. Tí ìdáhùn Biology bá wọ́, ibì kan lo máa tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ gan-an ló dín kù, owó rẹ ò dín.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ló yẹ kéèyàn là sí méjì o. XAMPP fúnra ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ṣe é sọ ọ́ pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tàbí tó ń dán nǹkan wò lórí ẹ̀rọ ara ẹ̀ làwọn ṣe é fún. Tó o bá ń kọ́ PHP nínú yàrá rẹ, gbé e. Bákan náà, ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12, tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó fi ń kọ iye apẹ̀rẹ̀ tó wọlé àti gbèsè àwọn oníbàárà, kò nílò server rárá. Fáìlì SQLite kan tó fún un. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá di méjì, tí ìwé bá sì jẹ́ ọ̀kan, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí Biology.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ìdánwò JAMB ní Èkó lọ́dún 2025, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù kẹrin. Èsì jáde nínú oṣù karùn-ún. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.95 tó ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba 200. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọmọ: TikTok ló gbà wọ́n lọ́kàn, wọn ò kàwé, ìran yìí ti bàjẹ́. Àwọn àgbàlagbà kọ ọ́ síta níbí, mo rí wọn. Àwọn ọmọ sì ń pariwo pé àwọn kàwé.

Lọ́jọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ Registrar JAMB bọ́ síta ní Abuja, ó ní àṣìṣe wà níbẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sunkún lójú gbogbo èèyàn. Sẹ́ńtà 157 ló kàn. 65 nínú ẹ̀ jẹ́ ti Èkó níbí, ọmọ 206,610. 92 tó kù wà lábẹ́ Owerri tó ń bójú tó ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà Oòrùn, ọmọ 173,387. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 379,997. Ọmọ tó ti jí ní ìdájí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó tún wá jókòó, láàárín ọjọ́ díẹ̀, WAEC sì ń lọ lọ́wọ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Àlàyé tí wọ́n ṣe nìyí. Lọ́dún yẹn wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà po ìbéèrè pa dà: kì í ṣe ìbéèrè nìkan ni wọ́n ń dàrú, A, B, C, D tó wà lábẹ́ ẹ̀ náà ń yí ipò. Server tó ń mákì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti yí, àbùlẹ̀ kan ló sì máa jẹ́ kó mọ̀. Ọ̀wọ́ server méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan ń jẹ́ KAD, ọ̀kan ń jẹ́ LAG. Wọ́n lẹ àbùlẹ̀ mọ́ KAD. Wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ LAG. Èkó àti Gúúsù Ìlà Oòrùn, LAG ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ohun tó wà níwájú ọmọ ò ṣẹ̀. Client JAMB rọrùn débi pé bọ́tìnnì mẹ́jọ ló tó ọ láti fi ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi í sílẹ̀, R láti yí ọkàn padà. Ọmọ ṣe tiẹ̀. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà, níbi tí ojú ọmọ ò dé.

Ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé o rí i? JAMB ya server sọ́tọ̀, ẹ̀rín wo ló gbẹ̀yìn ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Àkọ́kọ́ ná, yíyà tí wọ́n yà á ló jẹ́ kí wọ́n rí àrùn náà mú. Wọ́n lè nàka sí i pé sẹ́ńtà 157 yìí ni, àwọn ọmọ yìí ni, 379,997, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí àwọn tó kù máa lọ. Nílé ìwé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ta ló lè sọ ẹni tí Biology ṣe lọ́ṣẹ́? Server ogún, àtúnṣe méje, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ti gba èsì wọn, wọ́n ti lu ẹlòmíì nílé lórí ẹ̀, ó ti parí.

Èkejì nìkan ni mo gbà pé ó wúwo: tẹ́ ẹ bá ti la nǹkan sí méjì, ẹ ti jẹ gbèsè kan. Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀dà tí apá kejì wà, kó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tí wọn ò bá bára mu. Kọ̀ o, kì í ṣe kó máa fọgbọ́n lọ. Ní Debian, ìdì kan á kọ ọ́ sára pé òun ò ní wọlé àyàfi tí ẹ̀dà báyìí báyìí ti ìdì kejì bá ti wà níbẹ̀. Ẹ wo pg_dump tí wọ́n fi ń da ohun tó wà nínú PostgreSQL sílẹ̀. Client ni. Tó bá bá server tó jẹ́ ẹ̀dà tuntun ju tiẹ̀ lọ pàdé, kì í gbìyànjú wò, ó máa ń sọ ọ́ pé ẹ̀dà ò bára mu, á sì dúró. Ó máa ń múnú bíni láago méjì òru, mo mọ̀. Àmọ́ kò jẹ́ kó o gbé ẹrù tó bàjẹ́ relé kó o rò pé odindi ni.

Irú ìkọ̀sílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ lára sọ́fítíwià ìdánwò. Kí client tó ṣí ìbéèrè kìíní, kó bi server pé, ẹ̀dà wo lo jẹ́? Kí ìwé ìbéèrè fúnra ẹ̀ gbé nọ́ńbà ẹ̀dà lórí, kí server tó ń mákì wò ó. Tí wọn ò bá bára mu, kí ojú ẹ̀rọ pọ́n, kí ìdánwò má bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á jókòó sí kọ́rídọ̀ fún wákàtí kan, àwọn òbí á pariwo ní géètì, ẹnì kan á sáré lọ lẹ àbùlẹ̀. Ariwo géètì wákàtí kan, mo gbà á, ju kí ọmọ tó kàwé lọ sílé kó máa rò pé orí òun ò pé.

Iye ìlà tí ẹ máa kọ fún un ò tó ogún. Mo ti rí yín tẹ́ ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe bọ́tìnnì tó ń tàn yinrinyinrin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìwé, tàbí tí tíṣà kọ̀ǹpútà wà nílé yín, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Tí ẹni tó ń ta sọ́fítíwià bá dé, ẹ ní kó yọ wáyà server lójú yín, kó wá fi ìdáhùn kan hàn yín lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ. Tó bá rí i fi hàn, ẹ má sanwó. Ẹ ní kó yí nọ́ńbà ẹ̀dà apá kan padà, kó gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má sanwó. Tó bá bínú, ẹ fún un ní omi tútù, ẹ tún má sanwó.

Ilé ìwé tí mo lọ ya fídíò fún ti ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan. Màá ya á láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá, títí kan ibi tí máa ti fi password sí root. DM mi ṣí sílẹ̀ fún ilé ìwé tó bá fẹ́ kí n bá òun wo tiẹ̀, tó bá ti jẹ́ Kosofe níbí. Transport yín nìkan ni màá gbà.